Nọ́ńbà Mélòó Lẹ Wà?

Ní Àbújá, kí wọ́n tó béèrè orúkọ rẹ, wọ́n á ti béèrè lẹ́fẹ̀lì rẹ nínú iṣẹ́ ọba. Bí o bá wà ní lẹ́fẹ̀lì 8, wá àga fúnra rẹ lóde ìnáwó. Bí o bá wà ní 15, wọ́n á nu àga kí o tó jókòó, wọ́n á tún bi ọ́ bóyá atẹ́gùn ń dé ọ̀dọ̀ rẹ. Èyí kò jọ mí lójú mọ́. Ohun tí n kò mọ̀ ni pé wọ́n ti kó ọ̀rọ̀ lẹ́fẹ̀lì wọ inú ìwé kíkà.

Níbi ìsọmọlórúkọ kan ní Lugbe ni ojú mi ti là. Bọ̀ọ̀dá kan tó wọ agbádá fúnfún ló tẹ̀ sí mi létí, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, nọ́ńbà mélòó lẹ wà?" Mo rò pé nọ́ńbà tábìlì ni. Mo ní mẹ́fà. Àánú mi ṣe é. Ó fọwọ́ kan èjìká mi, ó ní ẹ má jẹ́ kó sú yín, díẹ̀díẹ̀ ni, òun náà ti wà ní mẹ́fà rí, òun ti dé mọ́kànlélógún báyìí. Iye ìwé ìtàn Jack Reacher tí èèyàn ti kà ló ń wí. N kò tún ọ̀rọ̀ mi ṣe. Títí di òní olónìí, mẹ́fà ni mo wà lójú rẹ̀.

Fún ẹni tí kò bá tíì mọ̀ ọ́n: gìrìwò ọkùnrin kan ni Reacher yìí, ọlọ́pàá ológun Amẹ́ríkà tẹ́lẹ̀ rí, tó ń ti ìlú dé ìlú, tó ń fi ìgbájú yanjú ọ̀ràn. Lee Child, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá a sílẹ̀ ní 1997, ìwé náà sì ti lé ní ogún dáadáa. Reacher kò nílé, kò ní mọ́tò, kò ní báàgì. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ló wà lápò rẹ̀. Bí aṣọ bá dọ̀tí lára rẹ̀, á ra òmíràn, á ju ti àná nù. Ká ní ọ̀kan nínú àwọn ìyá wa ló bí i, òkè àdúrà ni wọn ì bá ti so ó mọ́ kó tó pé ọgbọ̀n ọdún.

Ẹ wá wo àwọn tó ń ka ìtàn rẹ̀ o. Àwọn tó san owó ilé ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní Kubwa, tí wọ́n ra jẹnẹrétọ̀, tí wọ́n tún ra sólà nítorí jẹnẹrétọ̀, tí wọn ò lè dé Lokoja láìgbé báàgì mẹ́ta àti búrẹ́dì mẹ́fà. Àwọn ni wọ́n ń ka bí ọkùnrin kan ṣe fi ọwọ́ lásán wọ bọ́ọ̀sì, tí wọ́n ń mí kanlẹ̀. Mo mọ dírẹ́kítọ̀ kan tí omi lé sí lójú nígbà tó dé ibi búrọ́ọ̀ṣì yẹn.

Ní 2020, Child bẹ̀rẹ̀ sí í fa iṣẹ́ náà lé àbúrò rẹ̀, Andrew, lọ́wọ́. Ní ìlú wa níbí, ìyẹn kò gba àlàyé rárá. Sílọ́ọ̀tì ṣí, ẹ̀gbọ́n fi àbúrò sí i. Kí ni à ń ní ẹ̀gbọ́n sí?

Àwọn tí ìfẹ̀yìntì ti ń kan ilẹ̀kùn wọn kì í ka Reacher. Poirot ni tiwọn, bàbá onírunmú tí Agatha Christie fi jẹ ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́. Nígbà tí ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 1920, ọlọ́pàá Belgium tó ti fẹ̀yìn tì ni. Ìwé tó ti kú jáde ní 1975, ìwé ìròyìn New York Times sì gbé ikú rẹ̀ sójú ewé àkọ́kọ́ bí ẹni pé èèyàn gidi ló kú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣírò ó. Nínú iṣẹ́ ọba tiwa, bí o bá ti pé ọgọ́ta ọdún tàbí tí o lo ọdún 35, èyí tó bá kọ́kọ́ dé, o di ẹni ilé. Bàbá yìí fẹ̀yìn tì tán kó tó tún fi ọdún 55 ṣiṣẹ́. Mo bi ọ̀gá kan pé báwo ni ti ọjọ́ orí ṣe jẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, "Á ti lọ búra ọjọ́ orí ní kóòtù." Ó sọ ọ́ bí ẹni tó mọ ojú ọ̀nà kóòtù ọ̀hún.

Òfin àwọn òǹkàwé yìí le. O ò gbọdọ̀ fo nọ́ńbà. Bí o bá ka ìkẹjọ ṣáájú ìkeje, ìwà ìbàjẹ́ lo hù. Ẹnì kan péré ni mo mọ̀ tó fo nọ́ńbà tó sì mú un jẹ. Ìwé kọkànlá ló fò. Nígbà tí wọ́n kò ó lójú, ó bi wọ́n bóyá wọ́n ti rí lẹ́fẹ̀lì 11 nínú iṣẹ́ ọba rí. Láti 10, ṣebí 12 ló kàn. Gbogbo ilé dákẹ́.

Ẹ má sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ra ìwé. Orí Wọ́ọ̀sáàpù ló ti ń wọlé, ogún ìwé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀fẹ́. Àwọn tó ń bá wọn lé olè di òru, ìwé jíjí ni wọ́n fi ń lé e.

Àwọn bàbá wa tó gbé Sabon Gari ní Kano náà kàwé ọ̀daràn. Ti James Hadley Chase ni, ọmọ London tó fi máàpù àti ìwé atúmọ̀ èdè àwọn ọmọọ̀ta kọ ìtàn Amẹ́ríkà. Ṣùgbọ́n ìwé tiwọn kò ní nọ́ńbà. Kò ní èèpo ẹ̀yìn pẹ̀lú. Nígbà mìíràn, ojú ewé mẹ́wàá ìparí ti bá àkàrà lọ, wọn ò sì mọ ẹni tó pààyàn títí ọlọ́jọ́ fi dé.

Mo wá ṣe àṣìṣe kan níbi ìsọmọlórúkọ yẹn. Mo dárúkọ Lápàdé. Mo ní ọlọ́pàá tẹ́lẹ̀ ni òun náà, Ìbàdàn ni tirẹ̀, òun àti Tàfá Ìgírípá, ọwọ́ Ọládẹ̀jọ Òkédìjí ló ti wá, Àjà Ló Lẹrù ní 1969, Àgbàlagbà Akàn ní 1971. Bọ̀ọ̀dá alágbàádá gbọ́ mi tán. Ó ní, "Ó lọ dé nọ́ńbà mélòó?"

Mo ní méjì.

"Méjì? Mẹ́sẹ́ńjà nìyẹn."

Ibẹ̀ la wà tí igbe fi ta lẹ́yìn ilé: kúlà ẹran kan ti ṣófo! Ẹran odidi àgbò kan. Láyé àtijọ́, ìyá alásè á ṣépè mẹ́ta, ẹran á yọjú. Lọ́jọ́ yẹn, ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ mẹ́fà ló dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ti géètì. Wọ́n kó gbogbo wa jọ sí pálọ̀, torí bẹ́ẹ̀ ni Poirot máa ń ṣe.

Ohun tí ìwé fi kọ́ wọn ni pé ẹni tí ojú bá kọ́kọ́ lọ bá, òun kọ́. Mẹ́gáàdì ti ń wá Kùránì tí yóò fi búra. Wọ́n ní kó máa lọ, ó ti rọrùn jù. Gbogbo ọdún tó ti fi ń ṣọ́ ilé kiri Àbújá, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí nǹkan á sọnù tí wọn ò ní kọ́kọ́ so ó lọ́wọ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí.

Ó kan Bọ̀ọ̀dá alágbàádá. Agbádá rẹ̀ wú níwájú bí oyún oṣù méje. Ọ̀rá ń kán sórí bàtà rẹ̀. Ajá àdúgbò kan jókòó tì í, kò mira. Ẹni tó wà ní nọ́ńbà 24 wò ó, ó mi orí. Ó ní, "Ó ti hàn jù. Ńṣe ni wọ́n gbé e síbẹ̀ láti fi tàn wá."

Màmá ìyá ọmọ ni wọ́n dojú kọ. Màmá kò ní eyín kankan lẹ́nu. Wọ́n ní ìyẹn gan-an ni, ta ni yóò fura sí i? Wọ́n bi Màmá pé níbo ni wọ́n wà láàárín aago 12 sí aago 1. Màmá ní ilé ìyàgbẹ́ ni. Wọ́n béèrè ẹlẹ́rìí.

Nígbà tí yóò fi di ìrọ̀lẹ́, ọmọ tuntun nìkan ló kù tí wọn ò tíì fura sí, ojú tí wọ́n sì fi ń wò ó kò dáa mọ́.

Bọ̀ọ̀dá alágbàádá bá mi ní ẹnu ọ̀nà, ó ń fi ìtayín wá nǹkan kan láàárín eyín rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ tètè sáré dé mọ́kànlélógún. Ọ̀daràn ibẹ̀, ẹ ò lè mọ̀ ọ́n láéláé."

Ajá náà sìn ín dé ìdí mọ́tò.