Ẹ̀yìnkùlé Lọ̀tá Wà, Inú Ilé Ni Aṣeni Ń Gbé

Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé ni aṣeni ń gbé. Ẹni tó ti ilẹ̀kùn mọ́ òun àti aṣeni rẹ̀ lóru ni òwe náà ń bá wí. Ohun tó fà á yọ lẹ́nu mi ni ìpàdé ẹbí kan tí mo jókòó sí lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, níbi tí àwọn àgbà ti pa obì fún ọmọ bàbá méjì tó ń du ilé bàbá wọn, tí wọ́n ní kí wọ́n dì mọ́ra ká lè ya fọ́tò, tí gbogbo wa sì pàtẹ́wọ́. Kò sẹ́ni tó béèrè ibi tí ìwé ilé wà. Inú mi kò balẹ̀, nítorí pé ọ̀rọ̀ Louis, Duke ti Orléans, ló sọ sí mi lọ́kàn.

Wọ́n bí Louis ní ọdún 1372. Àbúrò ni ó jẹ́ fún Charles Kẹfà, ọba ilẹ̀ Faransé. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1392, nítòsí ìlú Le Mans, orí ọba dàrú, ó fa idà yọ, ó sì pa nínú àwọn tó ń sìn ín lọ. Láti ìgbà náà, ara rẹ̀ a yá, a tún dàrú, ìjọba sì di ohun tí àwọn ẹbí ń já gbà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Louis ń fà á, Philip ti Burgundy, àbúrò bàbá rẹ̀, ń fà á. Nígbà tí Philip kú ní 1404, Jean ọmọ rẹ̀ gba ìjà náà jẹ. Owó orí àti àpò ìṣúra ni wọ́n ń jà sí, Louis kò sì mọ́wọ́ dúró nínú ìnáwó. Ó fi ọ̀pá oníkókó ṣe àmì ara rẹ̀. Jean fi ìfági káfíńtà dá a lóhùn, kí gbogbo ayé lè mọ̀ pé òun yóò fá kókó náà dànù.

Duke ti Berry, àgbà ẹbí, làjà. Ní ọjọ́ 20 oṣù Kọkànlá ọdún 1407, Louis àti Jean jọ gba Ara Olúwa. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, Louis lọ kí ayaba Isabeau tí ọmọ tuntun ṣẹ̀ṣẹ̀ kú mọ́ lọ́wọ́, ni oníṣẹ́ èké bá dé pé ọba ń pè é kíákíá. Ó gun ìbaaka jáde lálẹ́, pẹ̀lú ìwọ̀nba èèyàn tó gbé iná ṣáájú rẹ̀. Ní òpópónà Vieille-du-Temple ní Paris, àwọn tó lúgọ yọ sí i, wọ́n gé ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ sílẹ̀, wọ́n sì la orí rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, Jean wọ aṣọ ọ̀fọ̀, ó sì bá wọn di igun aṣọ orí pósí mú. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà tó fi jẹ́wọ́ pé òun ló rán wọn.

Èyí tó dùn mí jù ni ti ọdún 1409, nígbà tí wọ́n mú àwọn ọmọ Louis lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Chartres kí wọ́n lè gbà láti dárí ji ẹni tó pa bàbá wọn. Tẹkúntẹkún ni wọ́n fi gbà. Irú àgbà wo ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ òrukàn?

Bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Ní 1411, Jean ránṣẹ́ sí ọba Gẹ̀ẹ́sì fún ọmọ ogun. Nígbà tó di 1412, àwọn tó wà lẹ́yìn ìdílé Louis náà bẹ̀ ẹ́ lọ́wẹ̀. Àwọn tó la ògiri ló pe aláǹgbá wọlé! Ní 1415, Henry Karùn-ún, ọba Gẹ̀ẹ́sì, ṣẹ́gun àwọn Faransé ní Agincourt, ó sì kó Charles, ọmọ Louis, nígbèkùn. Ọdún 25 ló lò kó tó padà sílé. Ní 1419, wọ́n tún pe ìpàdé àlàáfíà lórí afárá Montereau, níbẹ̀ ni wọ́n ti fọ́ orí Jean. Lọ́dún kejì, àdéhùn Troyes sọ Henry di àrólé ìtẹ́ Faransé.

Ẹ̀yin àgbà ẹbí, aṣọ ni ẹ fi bo egbò tó ń kẹ̀, ẹ sì ń pe ara yín ní onílàjà. Ojú ń ti yín láti bi ọmọ yín léèrè owó, ṣùgbọ́n ojú kò tì yín láti fi obì tan wá. Ẹ gbé ìwé ilé náà síta. Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ẹni tó ń gba owó háyà, iye tó ti gbà àti ọdún tó ti bẹ̀rẹ̀, lójú àwọn méjèèjì, kí ẹ tó tún pè wá wá ya fọ́tò.