Omi aláwọ̀ ewé nìkan kò tó fún ọmọ oyster

Ẹ kọ ọ́ pé gbogbo ewé inú omi tín-ín-tìn-ín ọgbọọgba ni, pé bí omi bá ti ní àwọ̀ ewé, ọmọ oyster (ẹran omi oníkarawun) yóò yó, nítorí náà Chlorella, ọ̀kan nínú àwọn ewé náà, tó. Ẹ jọ̀ọ́, kò rí bẹ́ẹ̀. Ìmọ̀ràn yìí lè pa odindi ọ̀wọ́ ọmọ oyster kan.

Òótọ́ ni pé Chlorella máa ń yára pọ̀, ohun tó sì ń tan èèyàn gan-an nìyẹn. Awọ tó bò ó yi púpọ̀, inú ọmọ ọlọ́jọ́ díẹ̀ kì í sábà lè dà á. Wọ́n á gbé e mì, wọ́n á tún yà á jáde láìfọ́. Yàtọ̀ sí èyí, kò ní ọ̀rá DHA tí ọmọ fi ń kọ́ ara. Dunaliella, irú ewé inú omi mìíràn, ńkọ́? Òun kò ní awọ líle rárá, ó rọrùn láti dà, síbẹ̀ kò ní DHA, ebi ọ̀rá ló máa ń pa ọmọ tó bá ń jẹ òun nìkan.

Nínú àwọn ewé yòókù, Isochrysis ló ní DHA dáadáa, Chaetoceros ló ní EPA, irú ọ̀rá mìíràn. Ẹ pa àwọn méjèèjì pọ̀. Àdàlù ń mú àwọn ọmọ dàgbà ju ẹyọ kan lọ. Pavlova náà dára, ó ní ọ̀rá méjèèjì.

Ẹ wo ẹnu àwọn ọmọ náà pẹ̀lú. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ní karawun kò ju nǹkan bí 70 máíkírọ́ọ̀nù (ìdá ẹgbẹ̀rún mìlímítà) lọ, Tetraselmis, ewé mìíràn tó lé ní máíkírọ́ọ̀nù 10, ti tóbi jù fún ẹnu rẹ̀. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ di ìgbà tí wọ́n bá dàgbà.