Kò sí gómìnà Èkìtì kankan tí ológun lé lọ́dún 1983

Ẹ̀yin ará, ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp, pé ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1983 ni àwọn ológun lé gómìnà ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò ní Adó, irọ́ ni. Ìpínlẹ̀ Èkìtì wo?

Lóòótọ́, ọjọ́ Sátidé yẹn ni wọ́n gbàjọba lọ́wọ́ Shehu Shagari. Ṣùgbọ́n abẹ́ ìpínlẹ̀ Oǹdó la wà nígbà náà. Àkúrẹ́ ni olú-ìlú, Adékúnlé Ajásin ọmọ Ọ̀wọ̀ sì ni gómìnà. (Akin Ọmọ́boríowó ọmọ Ìjerò tí wọ́n kọ́kọ́ kéde pé ó wọlé ìbò gómìnà lọ́dún yẹn, ilé-ẹjọ́ ti fagi lé tirẹ̀.) Ọjọ́ kìíní, oṣù Kẹwàá, ọdún 1996 ni wọ́n tó dá Èkìtì sílẹ̀. Sani Abacha ló dá a sílẹ̀, òun kan náà tó kéde ìfipágbàjọba ọdún 1983 yẹn lórí rédíò.