Sàárà kọ́ lẹ ṣe fún obìnrin tó rán àpò yẹn

Ẹ lè ti gbọ́ ọ lẹ́nu ẹnì kan rí: "Jẹ́ ká rà á, ká fi ṣàánú wọn." Ọjà tí àwọn opó, àwọn obìnrin tí ọkọ lé jáde, tàbí àwọn tó bọ́ nínú òwò aṣẹ́wó fọwọ́ ṣe ni wọ́n sábà máa ń sọ bẹ́ẹ̀ sí. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé òwò àìrẹ́nijẹ, tí wọ́n ń pè ní fair trade, kò yàtọ̀ sí ìtọrẹ àánú: pé àwọn obìnrin náà ò mọṣẹ́, pé ọjà wọn ò dára tó, àánú ló ń bá wọn tà á. Ó máa ń dùn mí tí mo bá gbọ́ ọ, torí irọ́ ni, irọ́ náà sì ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ àwọn tí a ní à ń ràn lọ́wọ́.

Ẹ wo bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Ní 1946, obìnrin ará Amẹ́ríkà kan, Edna Ruth Byler, lọ sí Puerto Rico, ó sì bá àwọn obìnrin tó ń fi abẹ́rẹ́ ṣe ọnà sára aṣọ pàdé. Tálákà ni wọ́n, àmọ́ ọwọ́ wọn mọṣẹ́ dáadáa. Byler kó aṣọ tí wọ́n ṣe sẹ́yìn mọ́tò rẹ̀, ó sì ń tà á kiri nílé. Òwò yẹn ló di Ten Thousand Villages, ilé iṣẹ́ tó ń ta ọjà àìrẹ́nijẹ lónìí. Iṣẹ́ ti wà lọ́wọ́ wọn kó tó dé. Oníbàárà tí yóò san iye tó tọ́ ni wọn ò ní.

Owó ló sì ń há ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọwọ́ mọ́ra. Ká ní ẹnì kan gbé iṣẹ́ àpò 200 wá fún obìnrin kan. Obìnrin náà gbọ́dọ̀ ra aṣọ, òwú àti síìpù kó tó jókòó ti iṣẹ́. Níbo ló ti máa rí i? Ọ̀dọ̀ olówó èlé ni. Tí oníbàárà bá wá dúró títí ọjà fi dé ọwọ́ rẹ̀ kó tó sanwó, èlé á ti jẹ èrè tán. Ìdí nìyí tó fi wà lára ìlànà 10 tí World Fair Trade Organization, ẹgbẹ́ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, ń tẹ̀ lé pé tí oníṣẹ́ ọwọ́ bá béèrè, kí wọ́n san ìdajì owó sílẹ̀, ó kéré tán, láìgba èlé. A kì í san àsansílẹ̀ fún ẹni tó ń ṣagbe.

Mo gbà pé owó ìrànwọ́ máa ń wọ̀ ọ́ níbì kan, ìyẹn nígbà ìkọ́ṣẹ́. Ẹni tí kò fọwọ́ kan ẹ̀rọ ìránṣọ rí ò lè rán àpò tó ṣeé tà lóṣù àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ òun àtàwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹun. Ẹni tó ń fi òwò aṣẹ́wó sílẹ̀ tòun ti gbèsè lọ́rùn, tí owó ò bá tètè wọlé, ibi tó ti ń bọ̀ ló máa padà sí. Àmọ́ tó bá ti mọṣẹ́ tán, ọjà ló ń bọ́ ọ. Ní Kolkata, lórílẹ̀-èdè Íńdíà, obìnrin 20 ni ilé iṣẹ́ Freeset fi bẹ̀rẹ̀ ní 2001 ládùúgbò Sonagachi, níbi tí òwò aṣẹ́wó ti gbilẹ̀. Àpò jute, ìyẹn àpò tí wọ́n fi fọ́nrán ara ewéko ṣe, ni wọ́n ń rán fún títà sókè òkun. Ní Bangladesh, ọdún 1973 ni Corr-The Jute Works, ẹgbẹ́ tó ń bá àwọn obìnrin ta iṣẹ́ ọwọ́ wọn, ti bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn ogun tó sọ ọ̀pọ̀ obìnrin ibẹ̀ di opó.

Ẹni tó fi àánú rajà, ẹ̀ẹ̀kan ló ń rà á. Ó tì í sínú àpótí, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kódà tí síìpù bá já, kò ní sọ, torí ojú ń tì í láti bá ẹni tó ń ṣàánú fún wí. Obìnrin náà ò sì ní mọ ohun tó yẹ kó tún ṣe. Bẹ́ẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iye ẹyọ tí wọ́n bá rán ni wọ́n ń sanwó lé. Ọjọ́ tí kò síṣẹ́, kò sówó. Àléébù tó tóbi jù nínú òwò yìí nìyẹn lójú tèmi, àánú ò sì lè tún un ṣe.

Torí náà, ẹ fa ọwọ́ àpò náà wò bóyá ó rán dáadáa. Ẹ bi olùtajà pé: ṣé ẹ san àsansílẹ̀? Ta ló fi iye lé e? Ẹ̀ẹ̀melòó lẹ ti gbéṣẹ́ fún wọn? Tó bá jẹ́ ìtàn ẹkún obìnrin náà nìkan ló mọ̀, tí kò mọ iye tí wọ́n san fún un, ẹ gbé àpò náà padà sílẹ̀.