Èsì wa sí oníbàárà tó ní táyà A/T Hilux òun ń kùn lójú títì

Ẹ kú iṣẹ́ oko, ẹ̀gbọ́n wa, ẹ sì kú ìrìn. A rí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún wa, a sì ka ohun tí ẹ kọ tì í láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ẹ ní táyà A/T (all-terrain, èyí tó wà fún títì àti ọ̀nà erùpẹ̀) mẹ́rin tí ẹ rà lọ́dọ̀ wa fún Hilux 2007 yín dákẹ́ nígbà tí ẹ kọ́kọ́ wọ̀ wọ́n, pé nígbà tó di oṣù kẹta ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kùn, pé ní báyìí bí ẹ bá ti kúrò ní Móníyà tí ẹ forí lé Ìṣẹ́yìn, ńṣe ni inú ọkọ̀ ń hó bí ẹ̀rọ ìlọta, ẹ kì í gbọ́ ohun tí ẹni tó jókòó tì yín ń sọ. Ẹ ní owó wọn ga, pé ká ní ẹ mọ̀ ni, tòkunbọ̀ ni ẹ̀ bá rà. Ọ̀rẹ́ yín kan ní kí ẹ kúkú lọ wọ M/T (mud-terrain, táyà ẹrọ̀fọ̀). Ẹ wá béèrè pé èwo gan-an ló wà tí kò ní hó, tí kò ní wọ́n, tí á sì gbé ọkọ̀ tó ti dàgbà wọ oko lásìkò òjò.

Ìta gbangba níbí ni mo ti fẹ́ dá yín lóhùn, nítorí àwọn tó ń wa irú ọkọ̀ yìí pọ̀, ohun kan náà ló sì ń dà wọ́n láàmú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má tíì ra táyà kankan. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú ohun tí ẹ kọ tí mo dì mú gírígírí: ẹ ní wọ́n dákẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Táyà tó bá jẹ́ pé bátànì ojú rẹ̀ ló ń pariwo, ọjọ́ tí ẹ bá wọ̀ ọ́ náà ni ẹ máa gbọ́ ọ. Èyí tó dákẹ́ tó wá ń kùn lẹ́yìn oṣù mélòó kan, nǹkan kan lára ọkọ̀ ló sábà máa ń jẹ ojú rẹ̀ ní ìjẹkújẹ. Bí ẹ bá wọ òmíràn sí ẹsẹ̀ ọkọ̀ náà láìwo nǹkan yẹn sàn, ì báà jẹ́ èyí tó wọ́n jù lọ́jà, ibi tí èyí já sí ló máa já sí.

Láàárọ̀ ọ̀la, kí ọkọ̀ tó rìn, ẹ yí ìdarí kó wọ́ sápá kan kí ojú táyà iwájú lè hàn síta. Ẹ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ lé e, kí ẹ fà á láti ẹ̀gbẹ́ òde lọ sí ẹ̀gbẹ́ inú, kí ẹ tún dá a padà láti inú wá sóde. Bí ó bá ń dán lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń lọ, tó wá ń gún yín lọ́wọ́ bí ẹ ṣe ń bọ̀, aláínímẹ́ǹtì (ìtọ́sọ́nà ẹsẹ̀ ọkọ̀) ti yẹ̀ nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ fọwọ́ tọ ojú táyà náà yíká. Bí ọwọ́ yín bá ń jìn sí ibì kan, tó tún ń gun òkè níbòmíràn, gbágungbàgun bẹ́ẹ̀ títí yíká, ṣọ́kù ló ti kú. Ṣọ́kù tó ti kú kì í lè tẹ táyà mọ́lẹ̀ mọ́. Ńṣe ni ẹsẹ̀ ọkọ̀ á máa fò, á máa balẹ̀, ibi tó bá sì ń balẹ̀ sí ni rọ́bà á ti máa jẹ. Ọkọ̀ 2007 tó ń kó ẹ̀gẹ́ àti àgbàdo láti apá Àdó-Àwáyé wá sí Ìbàdàn, kò yà mí lẹ́nu bí ṣọ́kù rẹ̀ bá ti rẹ̀.

Ohun kẹta tún wà tí ọwọ́ yín lè bá pàdé, ó sì wọ́pọ̀ lára táyà A/T ju lára òmíràn lọ: eyín kọ̀ọ̀kan á ga ní iwájú, á rẹlẹ̀ ní ẹ̀yìn. Eyín A/T ga, àlàfo wà láàárín wọn, nítorí náà wọ́n máa ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn bí ọkọ̀ bá ń gbéra tàbí tó ń dúró, ẹ̀gbẹ́ kan á sì ṣáájú ìkejì jẹ. Pípààrọ̀ àyè wọn ló ń wò ó: ti ẹ̀yìn á bọ́ síwájú, ti iwájú á lọ sẹ́yìn, ní nǹkan bíi kìlómítà 8,000 síra wọn. Ọ̀pọ̀ awakọ̀ kì í ṣe é rárá, àfi ìgbà tí táyà bá jò.

Bí ojú táyà bá dọ́gba lọ́wọ́ yín, ẹ wo bẹ́ríǹgì ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lójú títì tó dán, níbi tí kò sí ọkọ̀ níwájú tàbí lẹ́yìn, ẹ rọra darí ọkọ̀ díẹ̀ sọ́tùn-ún, kí ẹ tún darí rẹ̀ díẹ̀ sósì. Bí kíkùn náà bá ga nígbà tí ẹrù ọkọ̀ fì sápá kan, tó sì lọ sílẹ̀ nígbà tó fì sápá kejì, bẹ́ríǹgì ni, táyà kò jẹ̀bi. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹ bọ́ láti orí ọ̀dà tuntun sórí ọ̀dà àtijọ́ ni ohùn náà ń yí padà, táyà ló ń sọ̀rọ̀.

Ọ̀nà yẹn gan-an dá kún un. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ tó tún Móníyà sí Ìṣẹ́yìn ṣe, kìlómítà 65 gbáko, kòtò ni gbogbo wa ń wá ọ̀nà gbà. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ ohùn táyà nígbà náà. Ní báyìí tó ti dán, tí eré sì ṣeé sá lórí rẹ̀, gbogbo ohun tó ń ṣe ọkọ̀ ti wá hàn sétí. Ẹ tún wo rọ́bà ẹnu ilẹ̀kùn yín. Ẹ fi bébà sí ẹnu ilẹ̀kùn, kí ẹ tì í, kí ẹ wá fa bébà náà. Bó bá yọ wẹ́rẹ́, rọ́bà yẹn ti gan, ariwo ń gba ibẹ̀ wọlé tààrà. Owó rẹ̀ kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó táyà.

Mo tún ní láti sọ ti afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ fọganáísà, bí wọ́n bá ti rí píkọ́ọ̀pù, wọ́n á fẹ́ táyà rẹ̀ dé 50 psi lójú géèjì afẹ́fẹ́ nítorí wọ́n mọ̀ pé ẹrù ni ẹ ń lọ kó. Ẹ̀yin náà ẹ wò ó: òfìfo lẹ ń gbé lọ sóko. Ọkọ̀ òfìfo tí táyà rẹ̀ le koránkorán, àárín ojú táyà nìkan ló ń tẹ ilẹ̀, ibẹ̀ náà ló sì ń jẹ, gbogbo òkúta wẹẹrẹ ojú ọ̀nà á máa gba inú sípíríǹgì dé ìdí yín. Ìwé kékeré kan wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀ tí wọ́n kọ iye afẹ́fẹ́ sí, ti ọkọ̀ tó kẹ́rù àti ti èyí tí kò kẹ́rù. Òun ni kí ẹ bá lọ. Ẹ ra géèjì tiyín, kí ẹ sì máa wọn táyà láàárọ̀ nígbà tó bá tutù.

Ẹ wá béèrè èyí tí ẹ ó rà bí àsìkò bá tó. Ojú táyà ni kí ẹ máa wò, kì í ṣe lẹ́tà A/T tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò sí òdiwọ̀n kan tó so gbogbo ilé iṣẹ́ pọ̀ lórí lẹ́tà yẹn. Ẹnì kan á kọ ọ́ sára èyí tó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ táyà títì, ẹlòmíràn á kọ ọ́ sára èyí tó fẹ́ẹ̀ẹ́ jẹ́ ti ẹrọ̀fọ̀.

Bí eyín táyà ṣe ń kan ọ̀dà, atẹ́gùn há sáàárín wọn, ó sì ń fi ipá jáde. Bí gbogbo eyín bá jẹ́ ìwọ̀n kan náà, ohùn kan náà ni gbogbo wọn ń pa léraléra, ìyẹn ló ń di kíkùn létí. Ilé iṣẹ́ tó mọ ohun tó ń ṣe á gé eyín kan kúrú, á gé ìkejì gùn jù ú lọ díẹ̀, kí ohùn wọn má bàa para pọ̀. Ẹ lè wò ó fúnra yín ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ fi ìka méjì wọn eyín kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà, kí ẹ gbé ìka náà bẹ́ẹ̀ lọ sórí àwọn tó tẹ̀ lé e. Bó bá bá gbogbo wọn mu rẹ́gí, ẹ fi í sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wo àárín: kí ó lọ geerege láìjá, tàbí kí àlàfo ibẹ̀ kéré. Èjìká rẹ̀, ìyẹn etí ojú táyà lápá méjèèjì, ni kó là sílẹ̀, nítorí ibẹ̀ ló ń já ẹrọ̀fọ̀ dànù. Kí gígé tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ sì pọ̀ lójú eyín, ó wúlò lórí ọ̀dà tí òjò ti rin.

M/T tí ọ̀rẹ́ yín sọ, ẹ má wọ̀ ọ́. Àlàfo rẹ̀ fẹ̀, ó wúwo, ó ń jẹ epo, ariwo rẹ̀ á sì ju èyí tí ẹ ń sá fún lọ. Ẹni tó ń gbé gẹdú nínú igbó ló nílò rẹ̀. Orí ọ̀dà lẹ ti ń lo èyí tó pọ̀ jù nínú ìrìn yín, ọ̀nà erùpẹ̀ ló kù. H/T (highway-terrain, táyà títì) á dákẹ́ jù lóòótọ́, bó bá jẹ́ ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nìkan lẹ ń lọ sóko, òun ni ǹ bá tà fún yín, á sì dín owó kù. Ṣùgbọ́n ẹ ní lásìkò òjò náà lẹ ń lọ, H/T á sì máa yí lójú kan nínú amọ̀. A/T tí kò le jù ni tiyín.

Nínú àwọn tí à ń tà, Yokohama Geolandar A/T G015 ló tù mí létí jù. Maxxis AT-771 ni mo sábà máa ń fún ẹni tó ń ṣọ́ owó. BFGoodrich KO2 lágbára, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ nípọn, òkúta kì í tètè gé e, àmọ́ ó wúwo, ó sì wọ́n, mi ò rí ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Àwọn kan tún ní àmì òkè tí yìnyín wà nínú rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ìlú tí yìnyín ti ń bọ́ ni wọ́n ṣe ìyẹn fún, ẹ má ṣe san owó kún owó nítorí rẹ̀.

Ibi tí mo rò pé ẹ ti lè dín owó kù jù ni ìwọ̀n. 255/70R15 lẹ wọ̀; 255 yẹn ni fífẹ̀ táyà ní mìlímítà. Irú Hilux yín kan náà wà tó ń gbé 225/70R15 jáde láti ilé iṣẹ́. Ó tẹ́ẹ́rẹ́, owó rẹ̀ máa ń kéré, ohùn rẹ̀ sì máa ń fúyẹ́ nítorí rọ́bà tó ń kan ilẹ̀ dín. Bó bá jẹ́ C (táyà ọkọ̀ akẹ́rù), tí 112 (nọ́ńbà tó ń sọ ẹrù tó lè gbé) sì wà lára rẹ̀, kìlógíráàmù 1,120 ni ẹsẹ̀ kan lè gbé, kò yàtọ̀ sí 255 tó jẹ́ C. 255 tí kò ní C, tó ní 108, kìlógíráàmù 1,000 ni, ti àwọn jíìpù ni, ẹ má gbà á nítorí pé ó rọ̀. Ṣùgbọ́n 225 kéré ní gíga, ó fi bíi ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún dín, ọkọ̀ á wálẹ̀ díẹ̀, eré tí ẹ bá rí lójú géèjì á sì ju èyí tí ẹ ń sá lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni kí ẹ pààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, pàápàá bí ọkọ̀ yín bá ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rin wa, nítorí àìdọ́gba iwájú àti ẹ̀yìn ń ba gíà jẹ́.

Ní ti tòkunbọ̀, mo mọ ohun tó ń gbé èèyàn débẹ̀. Michelin ti ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Port Harcourt ní 2007, Dunlop dáwọ́ táyà ṣíṣe dúró ní Ìkẹjà ní 2008. Láti ìgbà náà, owó dọ́là ló ń sọ iye táyà fún gbogbo wa, ìnira rẹ̀ kò yọ èmi tí mò ń tà á sílẹ̀. Síbẹ̀ mi ò ní tà tòkunbọ̀ fún yín. Òfin kọṣíọ́ọ̀mù ka kíkó irú rẹ̀ wọlé léèwọ̀. Rọ́bà tó ti gan ń pariwo ju tuntun lọ, ẹ kò sì mọ ìyà tó ti jẹ níbi tó ti wá. Ibikíbi tí ẹ bá ti ń rà, ẹ ka nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn ìlà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú DOT lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà. 3223 túmọ̀ sí pé ọ̀sẹ̀ kejìlélọ́gbọ̀n ọdún 2023 ni wọ́n ṣe é. Àwọn FRSC (ẹ̀ṣọ́ ojú pópó) a máa kìlọ̀ fún awakọ̀ pé kí táyà má ju ọdún mẹ́rin lọ. Kí ẹ sì rántí pé táyà tó pẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kì í ṣe tuntun mọ́, bó ti wù kó máa dán.

Ohun tí mo fẹ́ ká ṣe nìyí. Ẹ gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ wa ní òfìfo, kí ẹ tó lọ sóko, kì í ṣe lẹ́yìn tí ẹ bá ti kẹ́rù. A ó yẹ ojú táyà, ṣọ́kù, bẹ́ríǹgì àti aláínímẹ́ǹtì wò, ẹ kò ní san kọ́bọ̀ fún àyẹ̀wò náà. Bí ṣọ́kù bá ti kú, ẹ lè ra tuntun níbi tó bá wù yín, kò di dandan kó jẹ́ lọ́dọ̀ wa. A ó wá pààrọ̀ àyè àwọn táyà náà. Kí n má tàn yín, ariwo náà kò ní lọ lọ́jọ́ kan. Ojú tó ti jẹ gbágungbàgun ní láti rìn fúngbà díẹ̀ kó tó tún dọ́gba, bó bá sì ti jinlẹ̀ jù, èyí tó kù nínú rẹ̀ kò ní tán. Àmọ́ àwọn táyà yẹn ṣì ní ọjọ́ lára. Ẹ mú táyà ìpààrọ̀ tó wà lábẹ́ ọkọ̀ dání pẹ̀lú, kí a ka ọjọ́ orí tirẹ̀ náà.