Bọ́ọ̀dù tó pọ́n bí ìyeyè kọ́ ló jẹrà

Ní Tarkwa Bay l'Ékòó, níbi tí a ti ń gun ìgbì òkun, tí bọ́ọ̀dù tòkunbọ̀ tí a fi ń gùn ún bá dé, èyí tó funfun bí ẹ̀gbọ̀n òwú ni wọ́n máa ń dù. Èyí tó bá ti pọ́n bí ìyeyè, wọ́n á ní ó ti jẹrà. Irọ́ ni. Ó sì ń dùn mí, torí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ló ń fowó ṣòfò sí i.

Oòrùn ló ń jẹ́ kó pọ́n. Tí oòrùn bá ti ń pa fóòmù polyurethane tó wà nínú rẹ̀ àti resin, ìyẹn oje tó máa ń le tí wọ́n fi bò ó, fún ọdún bíi mélòó kan, àwọ̀ wọn á yí. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Omi òkun ni ọ̀tá. Kí ojú ibi tó sán tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun orí, omi á gbabẹ̀ wọlé, bọ́ọ̀dù á wúwo, fáíbà, ìyẹn aṣọ tí wọ́n fi resin lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa ṣí kúrò lára fóòmù.

Mo ti fara gbá a rí. Mo ra ọ̀kan tó funfun báláú, láì mọ̀ pé ẹni tó tà á ti fi ọ̀dà kun ún. Nígbà tí mo fi sánpépà ha ìdí lẹbẹ rẹ̀, omi bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó, tó, tó. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, ó ṣì ń kán.

Ọwọ́ ni kí ẹ fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ gbé e, kí ẹ gbé òmíràn tó gùn tó o, kí ẹ mọ èyí tó wúwo jù. Lẹ́yìn náà, ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ibi tí ẹsẹ̀ máa ń dúró sí, díẹ̀díẹ̀, títí dé ìdí. Tó bá le, ó dáa. Tó bá ń rì tó sì ń padà sókè, bí ẹni tẹ bọ́ọ̀lù tí gáàsì rẹ̀ ti ń jò, fáíbà ti ṣí nìyẹn. Ojú ẹsẹ̀ tó kàn jìn láìsán kò ṣe nǹkan kan. Àmọ́ tí ibì kan ṣoṣo bá pọ́n dòdò yí ojú ibi tó sán ká, ẹ ṣọ́ra: omi ti gbabẹ̀ wọlé.

Tí ẹ bá fẹ́ tún un ṣe, ẹ má sá a sóòrùn o! Ooru á mú kí atẹ́gùn inú rẹ̀ wú, á sì ṣí fáíbà. Abẹ́ ibòji ni, kí ojú ihò kọ sí ilẹ̀, fún ọjọ́ púpọ̀. Ẹ lẹ tíṣù mọ́ ihò náà mọ́jú. Tó bá tutù láàárọ̀, kò tíì gbẹ.

Resin tí ẹ máa fi dí ihò náà wá ńkọ́? Àwọn bọ́ọ̀dù kan wà tó jẹ́ fóòmù funfun oníhóró, irú èyí tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí, ló wà nínú wọn. Tí resin polyester bá kàn án, á yọ́ bíi ṣúgà nínú tíì gbígbóná. Resin epoxy kì í ṣe é ní nǹkan kan, kì í sì í ba polyurethane náà jẹ́. Tí ẹ kò bá mọ irú fóòmù tó wà nínú tiyín, epoxy ni kí ẹ rà.