Àtúnṣe: Owó Ìtanràn Lórí Owó Ilé Tó Pẹ́ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì

Àwọn onílé wa ní Lọ́ńdọ̀nù ń pín in lórí WhatsApp pé bí owó ilé bá fi ọjọ́ kan péré pẹ́, onílé lè gba £25 lójoojúmọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Lábẹ́ òfin Tenant Fees Act 2019, owó náà gbọ́dọ̀ pẹ́ tó ọjọ́ 14, kí ìwé àdéhùn sì fàyè gbà á, kí onílé tó lè gba èlé, tí kò gbọ́dọ̀ kọjá iye èlé ọdọọdún tí Bank of England (báńkì àpapọ̀ ilẹ̀ náà) fi lélẹ̀, pẹ̀lú ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Bí iye ti Bank of England bá jẹ́ ìdá 4 nínú ọgọ́rùn-ún, àpapọ̀ rẹ̀ á jẹ́ ìdá 7 lọ́dún, èlé ọjọ́ 20 lórí £1,000 kò tó £4, owó tí kò tó nǹkan rárá. Ìtanràn onílé tó gbà jù bẹ́ẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ lè dé £5,000. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lórí gov.uk tàbí lọ́dọ̀ káńsù yín, kí ẹ sì jọ̀wọ́ fi àtúnṣe yìí ránṣẹ́ síbi tí ẹ ti rí ìròyìn náà.